Ta Ni Yóò Gbé Arọ? Ìjì Ńlá Nínú Ìwé Hurston àti Ìwé Jesmyn Ward

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn tíṣà ti ń fi kìlọ̀ fún wa pé ká kàwé kí ìdánwò tó dé. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni kí n gbé òwe náà lọ síbi tí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ti jẹ́ ìjì, ká wò ó bóyá ó lè dúró níbẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ méjì ni mo fẹ́ fi wò ó. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ló kọ méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni Their Eyes Were Watching God tí Zora Neale Hurston gbé jáde ní 1937. Èkejì ni Salvage the Bones tí Jesmyn Ward gbé jáde ní 2011. Ọdún 74 ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì: ó dáa, arọ gbọ́n, ó sì ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀. Ta ló máa gbé e?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìjì tí à ń sọ. Ìjì tiwa níhìn-ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn á ká páànù ilé ẹnì kan, òjò á rọ̀, kó tó wákàtí méjì oòrùn ti yọ padà. Kò sí àyè à ń múra. Aṣọ orí okùn la máa ń sáré lọ ká. Èyí tí wọ́n ń pè ní hurricane lọ́hùn-ún yàtọ̀. Inú òkun ló ti ń gbára jọ, ó sì lè rìn tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé etíkun. Orúkọ rẹ̀ gan-an kì í ṣe ti òyìnbó níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu àwọn Taino tí wọ́n ni àwọn erékùṣù Caribbean ni àwọn ará Spain ti gbọ́ ọ. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé apá ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbéra. Atẹ́gùn òun àrá tó ń gba orí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá nígbà òjò máa ń bọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì, omi gbígbóná ibẹ̀ á sì máa fún un lágbára. Ìjì 1928 tó wà nínú ìwé Hurston, tòsí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìjì ńlá ni màá máa pè é.

Nítorí pé ó ń pẹ́ lọ́nà, ìtàn ìjì ńlá kì í ṣe ìtàn òjijì. Ìtàn àwọn tó ń retí àlejò tí wọn ò pè ni. Àyè wà láti kan pákó mọ́ fèrèsé, láti ra àbẹ́là, láti pọn omi, láti pinnu bóyá èèyàn á lọ tàbí á dúró. Ibi ìpinnu yẹn gan-an ni àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì fìdí kalẹ̀ sí.

Ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Hurston. Janie ni olú ẹ̀dá ìtàn. Òun àti ọkọ rẹ̀ kẹta, Tea Cake, lọ ń ṣe lébìrà lóko ẹ̀wà létí adágún Okeechobee ní Florida. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá, owó sì ń wọlé. Tó bá di alẹ́, gìtá, tẹ́tẹ́ àti àlọ́ ló kù. Lọ́jọ́ kan, Janie rí àwọn Seminole, ìyẹn ẹ̀yà kan lára àwọn ìran tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n kọrí sí ìlà oòrùn. Ó bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ibi gíga làwọn ń lọ, torí koríko etí omi kan ti yọ òdòdó, àmì ìjì nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mìíràn tún kọjá. Ó tún ṣe díẹ̀, ehoro, ejò àti àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá sí apá ibi kan náà. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ ọmọ Bahamas wá ní àyè wà nínú mọ́tò àwọn, kí wọ́n jẹ́ káwọn jọ lọ. Tea Cake ní rárá.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìdí tó fi ní rárá, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Kò sọ pé irọ́ ni ìjì. Ohun tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rò ni pé owó ẹ̀wà ń lọ dáadáa lásìkò yìí. Wọ́n tún rò ó pé àwọn ọ̀gá òyìnbó tó ń gbé ilé ńlá ò tíì kúrò. Bí ewu bá wà, ṣé kì í ṣe àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀? Ti àwọn Seminole ńkọ́? Wọ́n ní báwọn yẹn bá gbọ́n, ṣé ilẹ̀ wọn á bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni? Ẹ ò rí nǹkan. Ẹni tó mọ̀ ni wọn ò kà sí, ẹni tí wọ́n kà sí ni kò mọ̀. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ ojú ara rẹ̀ ni o, kì í ṣe ojú ọ̀gá rẹ̀. Àwọn lébìrà wọ̀nyí ti fojú ọ̀gá wò ó pẹ́ débi pé nígbà tí tiwọn rí òtítọ́, wọn ò gbà á gbọ́.

Nígbà tí ìwé yìí jáde, Richard Wright, tóun náà jẹ́ òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ńlá, bù ú lu nínú ìwé ìròyìn kan ní 1937 kan náà. Ó ní kò ní kókó ọ̀rọ̀, kò sì ní iṣẹ́ kankan tó ń jẹ́. Mo gbà fún Wright nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n mi ò mọ bó ṣe ka ibi ìjì yìí tí kò rí iṣẹ́ tó ń jẹ́. Hurston ò wàásù. Ó kàn jẹ́ ká gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń rò ó, ká sì rí i pé ìrònú wọn bọ́gbọ́n mu bí a bá ti gbà pé ọ̀gá ló mọ ọ̀nà. Nígbà tí Janie àti Tea Cake padà wá sá nínú omi, wọ́n dé ibi afárá tó ga, wọ́n bá àwọn òyìnbó tí wọ́n ti gba gbogbo àyè ibẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìjì, wọ́n fi ìbọn mú Tea Cake pé kó wá sin òkú, wọ́n ní kí wọ́n máa wò ó dáadáa bóyá òkú funfun ni tàbí òkú dúdú, torí pósí ò kárí. Tíyẹn ò bá jẹ́ iṣẹ́, kí ló tún ń jẹ́ iṣẹ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ò jìnnà sí ti inú ìwé. Alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1928 ni atẹ́gùn ti omi adágún Okeechobee lu erùpẹ̀ tí wọ́n fi dí i. Ó kéré tán, èèyàn 2,500 ló kú, àwọn lébìrà aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òkú 674 ni wọ́n kó sínú kòtò kan ṣoṣo ní West Palm Beach. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn kan gbọ́ ìkìlọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kúrò nílé. Nígbà tí ìjì ò dé lásìkò tí wọ́n dá fún un, wọ́n rò pé ó ti yà síbòmíì, wọ́n bá padà sílé. Àwọn wọ̀nyẹn gbọ́, wọ́n sì ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Òwe wa ò sọ ohun kan nípa ogun tó pẹ́ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti Ward. Ọjọ́ 12 ni ìwé rẹ̀ fi rìn, orí kọ̀ọ̀kan ọjọ́ kan. Ọjọ́ kọkànlá ni ìjì Katrina tó dé. Ìyẹn ni pé odidi orí 10 ló fi ń retí. Ìlú kékeré kan tí Ward fúnra rẹ̀ dá, Bois Sauvage, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ni ibùdó ìtàn. Esch, ọmọ ọdún 15, ló ń sọ ìtàn. Ìyá wọn kú nígbà tó bí àbíkẹ́yìn. Bàbá wọn ń mutí. Esch lóyún, kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Skeetah ní ajá kan, China, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, gbogbo ayé rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, Randall, ń wá bí bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù ṣe máa gbé e kúrò nínú òṣì.

Bàbá yìí ni woòlì ìwé náà. Òun ló ń gbọ́ rédíò, òun ló ń wo tẹlifíṣọ̀n, òun ló ń kó ìgò jọ láti fi pọn omi, òun ló ń pariwo pé ìjì yìí ò ní dà bí àwọn tó kù. Òótọ́ ló sì ń sọ! Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ọ̀mùtí? Àwọn ọmọ ń yẹra fún un, àwa tí à ń kàwé náà ń fi ṣẹ̀rín díẹ̀díẹ̀. Pákó tó máa tó fèrèsé ò sí, owó tí wọ́n á fi ra òmíràn ò sí, ni wọ́n bá fẹ́ fi katakata wó ilé adìẹ àtijọ́ kí wọ́n lè rí pákó. Ibẹ̀ ni ìka ọwọ́ bàbá mẹ́ta ti gé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín tèmi ti dá. Ìjì ò tíì dé, atẹ́gùn ò tíì fẹ́ rárá, ìmúra ti gba ìka mẹ́ta. Mi ò tíì ka ibòmíì tí òǹkọ̀wé ti fi hàn tó báyìí pé ìmúra fúnra rẹ̀ lówó tí èèyàn ń san, àti pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á fi ara san án.

Nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀, fóònù ilé wọn dún. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni. Ó ní kí gbogbo ará àdúgbò kó kúrò, ẹni tó bá dúró, ọrùn ara rẹ̀ ni o. Kò sọ ibi tí wọ́n máa lọ. Kò bi wọ́n bóyá epo wà nínú mọ́tò. Ó sọ tiẹ̀ tán, ó pa. Lójú ìjọba, wọ́n ti kìlọ̀. Lójú Esch, ilé wà níbẹ̀, pákó tí kò dọ́gba wà lójú fèrèsé, agolo oúnjẹ díẹ̀ àti núdùlù wà nílẹ̀, wọ́n sì dúró.

Katrina gan-an dé lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ 2005. Ọjọ́ tó ṣáájú ni olórí ìlú New Orleans pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò nílùú, ó sì lé ní 100,000 èèyàn tí kò ní mọ́tò níbẹ̀. Ìparí oṣù tún ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé họ́sítẹ̀ẹ̀lì rí mọ bí àpò ṣe máa ń rí ní ìparí oṣù. Ward náà ò kọ àgbọ́sọ. DeLisle ní Mississippi ló wà lọ́jọ́ náà, omi lé òun àtàwọn ẹbí rẹ̀ jáde nílé ìyá rẹ̀ àgbà. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìdílé òyìnbó kan tí wọ́n sá bá ò gbà wọ́n sínú ilé. Ẹ rántí afárá inú ìwé Hurston.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ò gbà pẹ̀lú mi. Nígbà tá a jíròrò lórí ìwé Ward, ohun méjì ni wọ́n sọ. Wọ́n ní agídí ló pa àwọn èèyàn wọ̀nyí, pé ẹni tí a wí fún tí kò gbọ́ kò ṣeé ṣàánú. Wọ́n tún ní orí 10 àkọ́kọ́ ti fà jù, pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ti agídí, mo ti fi èsì rẹ̀ hàn lápá kan. Màá fi ẹnì kan kún un. Nínú ìwé Hurston, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Motor Boat. Òun, Janie àti Tea Cake ni wọ́n jọ sá nínú omi dé ilé gíga kan. Àwọn méjèèjì tún sá síwájú, òun ní òun ò lọ mọ́, oorun ń kun òun. Ó sùn, omi gbé ilé náà lọ, ó jí láàyè. Tea Cake tó sá ni ajá dìgbòlugi gé jẹ nínú omi, ohun tó padà yọrí sí ikú rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé Hurston fẹ́ kọ́ wa pé ẹni tó bá gbọ́ràn á yè, ẹni tó bá ṣagídí á kú, ṣé á fi Motor Boat síbẹ̀? Kò fẹ́ ká fi òkú èèyàn ṣe ẹ̀kọ́ ìwà.

Ti pé orí 10 àkọ́kọ́ fà, àfi kí ẹni tó sọ ọ́ tún un kà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìjì tiẹ̀ lára kí Katrina tó dé. Ọmọbìnrin tó ń fi oyún pamọ́ ò lè máa ka ìgò omi. Bí Ward bá yára mú wa dé ọjọ́ ìjì, a ò ní mọ ohun tí omi gbé lọ.

Ká wá padà sórí òwe. Èmi ò rò pé irọ́ ló pa. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á, inú agbo ilé ló wà. Nínú agbo ilé, bí wọ́n bá gbọ́ pé ogun ń bọ̀, gbogbo èèyàn ló mọ yàrá tí arọ wà. Iṣẹ́ ọgbọ́n arọ ò ju kó tètè ké sí ẹni tó máa pọ̀n ọ́n lọ. Òwe náà ò dárúkọ ẹni tó ń pọnni, torí ó ti wà níbẹ̀. Nígbà tá a bá wá gbé òwe yẹn kúrò nínú agbo ilé, tá a ń sọ ọ́ fún lébìrà tó ń gbé búkà ọ̀gá, tàbí fún ìdílé tí fóònù nìkan bá sọ̀rọ̀, ńṣe la ń bá ẹsẹ̀ tí kò sí wí.

Ẹ wo Cuba. Ní 1963, ìjì ńlá kan tí wọ́n pè ní Flora pa ju 1,000 èèyàn lọ níbẹ̀. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń to àdúgbò wọn: wọ́n mọ ilé tí arúgbó wà, ilé tí aláboyún wà, wọ́n mọ mọ́tò tó máa wá kó wọn. Nígbà tí ìjì Ivan ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2004, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì èèyàn ni wọ́n kó kúrò níbi tó léwu. Ẹnì kan ò kú ní Cuba. Mi ò sọ pé Cuba dára ní gbogbo ọ̀nà o. Mo ní nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n mọ yàrá tí arọ wà.

Ward náà mọ̀. Nígbà tí omi lé ìdílé náà dé orí òrùlé, Randall ló pọn àbíkẹ́yìn. Esch bọ́ sínú omi, Skeetah sì ní láti yan ọ̀kan nínú ajá tó fẹ́ràn ju ohun gbogbo lọ àti àbúrò rẹ̀. Ó yan àbúrò rẹ̀, omi gbé ajá lọ. Ìjọba tẹ̀ wọ́n láago, ọmọ ọdún 16 ló gbé wọn.

Àwọn ìwé náà ní àbùkù tiwọn. Hurston lo àwọn Seminole bí àmì lásán. Wọ́n kọjá, wọ́n sọ gbólóhùn kan, wọ́n lọ. Ìwé tó bínú sí àwọn tí kò ka ọ̀rọ̀ Seminole sí ò fún Seminole kan ṣoṣo lórúkọ. Ti Ward ni àfiwé. Ẹ gbà mí! Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí gbólóhùn tí nǹkan ò ti jọ nǹkan. Ó tún ń fi Esch wé Medea inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì léraléra, ó pọ̀ débi pé nígbà míì mo gbàgbé pé ọmọ ọdún 15 ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń kéwì náà ní àrùn yẹn, mo tètè dá a mọ̀.

Kí wá ni tiwa níbẹ̀? Omíyalé ti ṣe wá rí. Ògùnpa ya Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, omi tún ya ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, ó lé ní 100 èèyàn tó bá èyí lọ. Ẹ wo ewì tá à ń kọ nínú ẹgbẹ́ wa nípa àgbàrá. Láti orí òkú la ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi ti wọlé, ìyá ti ń sunkún, a ti ké pe Ọ̀ṣun àti Ọya, ewì parí. Ta ló ti kọ ewì nípa ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú? Nípa gọ́tà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó ti dí? Nípa ẹni tó ń gbé etí odò torí pé ibẹ̀ ni owó ilé ti rọjú, tí wọ́n wá kun àmì pupa sára ògiri rẹ̀ pé kó kó jáde, láìsọ ibi tó máa kó lọ? Ibẹ̀ ni ìtàn wà. Ọ̀rọ̀ tá a máa fi kọ ọ́ pọ̀ lédè wa, òwe rẹ̀ náà wà.

Tó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo lẹ máa rí kà nínú méjèèjì, ẹ ka ti Ward. Tó bá jẹ́ orí kan ṣoṣo, ẹ ka orí ìjì nínú ti Hurston. Ẹ̀dà méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ yá wọn kó wá bá mi, àmọ́ kó má fi bírò fa ìlà sí i o.